Ẹ Yí Etí Rẹ̀ Wò: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kíkó Mẹ́dáàlì Eré Ìdárayá Àtijọ́ Jọ

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kó ara yín sẹ́yìn bí ẹni pé mo fẹ́ pe yín síwájú pátákó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó o.

Bí ẹ bá gbé mẹ́dáàlì àtijọ́ kan síwájú àwọn èèyàn wa, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé góòlù ni?" Wọ́n á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò bóyá ó wúwo, ẹlòmíràn á tún fẹ́ fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo wá bá jà lónìí. Lójú tèmi, irin tí wọ́n fi ṣe mẹ́dáàlì ló kéré jù nínú ohun tó yẹ kí olùkójọ máa wá. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, ẹni tí wọ́n fi dá lọ́lá, àti ẹ̀rí tó so wọ́n pọ̀. Ojú mẹ́dáàlì kì í sábà sọ ìwọ̀nyí. Ojú ni wọ́n ya òrìṣà àti obìnrin abìyẹ́ sí, kó lè wu ẹni tó bá rí i. Etí rẹ̀, ìyẹn ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká, tí ẹnikẹ́ni kì í wò, àti ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí òǹtẹ̀ wà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ góòlù kúrò nílẹ̀. Ní 1896, nígbà tí wọ́n jí ìdíje Òlíńpíìkì dìde ní Athens, kò sí góòlù fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣe ipò kìíní gba fàdákà, ẹ̀ka igi ólífì àti ìwé ẹ̀rí. Ẹni kejì gba èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ẹni kẹta ò gba nǹkan kan. Ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Jules-Clément Chaplain ló ya àwòrán rẹ̀, Zeus, òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, ní ojú kan, òkè Acropolis ní ojú kejì, ilé-iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba Faransé ní Paris ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tí Frédéric de Vernon ṣe fún ìdíje Paris ní 1900 kò tilẹ̀ rí roboto, onígun mẹ́rin ni. Ẹ lè wá orúkọ Òlíńpíìkì lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí i, nítorí abẹ́ ìpàtẹ ọjà ńlá àgbáyé tó ń lọ lọ́wọ́ ní Paris lọ́dún náà ni wọ́n fi gbogbo eré ọ̀hún sí. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ gba mẹ́dáàlì. Margaret Abbott, ọmọ Amẹ́ríkà tó borí nínú gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin, abọ́ tánganran ni wọ́n gbé fún un. Ó kú ní 1955 láì mọ̀ pé Òlíńpíìkì ni òun borí.

St. Louis, 1904, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní góòlù, fàdákà àti idẹ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Stockholm, 1912, ni wọ́n ti fún èèyàn ní ògidì wúrà gbẹ̀yìn, gíráàmù 24 péré. Láti ìgbà náà, fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò lára ni. Òfin ìsinsìnyí sọ pé kí wúrà tó wà lára rẹ̀ má dín ní gíráàmù 6. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ti Berlin 1936 wá fún yín, tó ń búra pé wúrà ni látinú dé òde, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Mẹ́dáàlì tí èmi fẹ́ràn jù kì í ṣe ti olúborí. Láti 1896 náà ni wọ́n ti ń ṣe oríṣi kejì, èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá kópa, àtẹni tó borí àtẹni tó já sí ìsàlẹ̀, àti àwọn adájọ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ ìdíje, kí wọ́n lè fi ṣe ìrántí pé àwọn wà níbẹ̀. Ti 1896 dára lójú púpọ̀. Ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, Nikephoros Lytras, ló ya obìnrin abìyẹ́ kan tó jókòó, tó na òdòdó ìṣẹ́gun jáde, ẹyẹ inú ìtàn tó ń jóná tó sì ń jí dìde sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú iná. Ní London, 1908, Bertram Mackennal ya kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin tó ń sáré ní ojú kan, ó fi obìnrin abìyẹ́ dúró lórí ayé ní ojú kejì. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ìdíje padà sí London ní 1948, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, tí ìlú ò lówó lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n tún lò. Wọ́n kàn fi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Westminster sí ojú kejì ni. Ẹni tó bá ní méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì ti ní ẹ̀kọ́ ìtàn kan tí olúborí méjì ò lè kọ́ ọ. Owó wọn ò sì ga bí ti olúborí. Òṣìṣẹ́ tó bá lè tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ lè ra ti 1948.

Èyí kan àwa náà o. Ní 1952, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ní Helsinki, ọkùnrin mẹ́sàn-án la rán lọ, eléré orí pápá ni gbogbo wọn. Josiah Májẹ̀kódùnmí wà níbẹ̀, Karim Olówu wà níbẹ̀, Rafiu Olúwa, Titus Erinlẹ̀, Muslim Arógundádé. Májẹ̀kódùnmí ti gba fàdákà nínú fífò sókè ní Auckland, New Zealand, ní 1950, nínú ìdíje àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì. Ní Helsinki, ipò kẹsàn-án ló ṣe nínú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó gbé góòlù, fàdákà tàbí idẹ bọ̀ nínú wọn. Ọdún 1964 ní Tokyo ni Nojim Máíyégùn tó gba idẹ tiwa àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ṣùgbọ́n mẹ́dáàlì ìrántí Helsinki wà fún gbogbo ẹni tó kópa. Ẹ wá rò ó wò: ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà láyé, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Ọ̀kan tó ti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn jáde, tí fọ́tò rẹ̀ wà, tí lẹ́tà rẹ̀ wà, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà, kò lẹ́gbẹ́. Bí ìwé yẹn bá sọnù, ó ti padà di ọ̀kan lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irin ò yí padà. Ìwé ló lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yí etí rẹ̀ wò.

Àwọn Faransé ló kọ́ mi ní ìwà yìí. Láti 1832 ni ilé-iṣẹ́ tó ń rọ owó ní Paris ti ń lu òǹtẹ̀ kékeré kan sí etí mẹ́dáàlì tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ òǹtẹ̀ náà. Fìtílà ayé àtijọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1841, ìdákọ̀ró ni. Ní 1842, iwájú ọkọ̀ ojú omi ni. Láti 1845 sí 1860, ọwọ́ tó ń nàka ni. Láti 1860, oyin kan tó na apá ni. Nígbà tó di 1880, wọ́n mú ìwo ẹran tí èso kún inú rẹ̀, wọn ò sì tíì fi í sílẹ̀ títí dòní. Wọ́n á tún kọ irú irin tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ náà, BRONZE tàbí ARGENT, ìyẹn idẹ tàbí fàdákà.

Kí ni èyí ń ṣe fún wa? Òǹtẹ̀ irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ mẹ́dáàlì kì í kú. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ ní 1865 fún ìdíje ọkọ̀ wíwà tàbí eré ẹṣin kan, wọ́n lè gbé e jáde ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tún tẹ òmíràn fún ẹni tó bá fẹ́. Ojú rẹ̀ á ṣì máa sọ 1865. Kò sí jìbìtì níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, òǹtẹ̀ irin ńlá kan náà ni wọ́n sì lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹni tó borí gbé lọ sílé. Ẹ yí etí rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí oyin, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ owó lọ. Bí ẹ bá rí ìwo eléso, ẹ ti mọ̀ pé lẹ́yìn 1880 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ máa sọ. Mo ti rí ẹni tó ń ta irú èyí ní owó oyin. Bóyá kò mọ̀, bóyá ó mọ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni yóò dá ìyẹn.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti rí tiyín, nítorí pé mẹ́dáàlì tó wà nínú àpótí àwọn bàbá wa, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo mú ọ̀kan dání. Ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó tó ẹyọ owó kan ní fífẹ̀, ó ní òrùka lórí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ṣéènì aago. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn ṣe ń lò ó: wọn kì í fi kọ́ ọrùn, ara ṣéènì aago tó sọ̀ kalẹ̀ láti àpò wésíkóòtì ni wọ́n ń so ó mọ́. Tí ẹ bá gbé awò tí àwọn alátùn-únṣe aago ń há mọ́ ojú, ẹ ó rí àwọn òǹtẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é ló ṣáájú. Ó kan 9 àti .375, ìyẹn ni pé wúrà káráàtì mẹ́sàn-án ni, ìdá mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ wúrà, ìyókù bàbà àti fàdákà. Ká ní fàdákà ni, kìnnìún tó ń rìn lẹ bá bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdákọ̀ró. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àpótí kékeré.

Ìdákọ̀ró yẹn, Birmingham ni. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni London, ilé olódi ni Edinburgh, adé ni Sheffield títí di ọdún 1974. Birmingham ò sí létí òkun, kí ló wá fẹ́ fi ìdákọ̀ró ṣe? Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé nígbà tí Birmingham àti Sheffield ń bá ìjọba jà kí wọ́n lè dá ilé àyẹ̀wò wúrà àti fàdákà tiwọn sílẹ̀ ní 1773, ilé ọtí kan ní London tó ń jẹ́ Adé àti Ìdákọ̀ró ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, wọ́n sì pín orúkọ ilé ọtí náà láàárín ara wọn. Èmi ò fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ń sọ ọdún. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà, A, B, C, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá sì kà á tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìkọ̀wé mìíràn àti àpótí tó ní ìrísí mìíràn. Nítorí náà, lẹ́tà nìkan kò tó. Ìrísí àpótí tó yí i ká ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ọdún kan ni tàbí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí 15 àti .625, inú yín lè dùn, nítorí wọ́n ti pa káráàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1932. Ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú lónìí kì í sábà rántí èyí.

Bí ẹ bá sì wá ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe é lọ, ẹ ó bá ìtàn pàdé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, ife-ẹ̀yẹ FA wà ní fèrèsé ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan ní Birmingham, William Shillcock, tó ń fi í han àwọn oníbàárà, nítorí Aston Villa ló gbà á lọ́dún náà. Olè jí i gbé lóru. Wọ́n kéde pọ́n-ùn mẹ́wàá fún ẹni tó bá rí i, ẹnikẹ́ni ò rí i títí dòní. Ilé-iṣẹ́ Vaughton ní ìlú náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ife tuntun fún. Ta ni Vaughton? Howard Vaughton, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Aston Villa, tó sì ti gba ife tí wọ́n jí yìí gan-an ní 1887. Òun náà ló gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún sínú àwọ̀n Ireland fún England ní 1882. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló wá tẹ mẹ́dáàlì olúborí Òlíńpíìkì London ní 1908. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ Vaughton lára mẹ́dáàlì bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ẹ má gbé e jù sílẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ló ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Àwọn mẹ́dáàlì kan wà tí ọjọ́ orí wọn kéré sí ọdún tí wọ́n dúró fún, kì í sì í ṣe nítorí ayédèrú. Nígbà tí England gba ife àgbáyé ní 1966, àwọn mọ́kànlá tó gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá nìkan ni wọ́n fún ní mẹ́dáàlì. Jimmy Greaves, agbábọ́ọ̀lù England tó farapa, tí wọn ò sì dá padà sórí pápá, kò gba nǹkan kan. Ọdún 2009 ni wọ́n tó pe àwọn ìyókù sí ilé olórí ìjọba ní London, tí wọ́n sì fún wọn ní tiwọn. Greaves ta tirẹ̀ ní 2014 ní pọ́n-ùn 44,000. Nobby Stiles tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà ta tirẹ̀ ní 2010 ní pọ́n-ùn 188,200, Manchester United ló sì rà á. Èmi ò rò pé irin ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Jim Thorpe ní tiẹ̀ gba góòlù méjì ní Stockholm ní 1912, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1913 torí pé ó ti gba owó díẹ̀ láti ṣe baseball. Ọdún 1983, tó ti kú tipẹ́, ni wọ́n gbé ẹ̀dà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ti ìpilẹ̀ ti di ohun tí wọ́n jí gbé ní ibi tí wọ́n kó wọn sí.

Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sí àwa náà, ó sì dun èmi ju ti Thorpe lọ. Ní Sydney, 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong ṣe ipò kejì lẹ́yìn Amẹ́ríkà nínú eré àfọwọ́fà ọlọ́gọ́rùn-ún mẹ́rin. Antonio Pettigrew tó sáré fún Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan pé òun lo oògùn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé kéde Nàìjíríà ní olúborí. Sunday Bada ti kú ní oṣù Kejìlá 2011. Bí mẹ́dáàlì irú èyí bá dọ́wọ́ olùkójọ lọ́jọ́ iwájú, ojú rẹ̀ á sọ Sydney 2000. Ẹni tí kò bá ní ìwé 2012 lọ́wọ́, tí kò sì mọ ọjọ́ tí Bada kú, kò ní mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn owó, mi ò gbàgbé yín. Ní oṣù Kejìlá 2013, wọ́n lu ọ̀kan nínú góòlù mẹ́rin tí Jesse Owens gbà ní Berlin 1936 ní gbàǹjo, ó sì tà ní dọ́là 1,466,574. Fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò ni. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ èwo nínú mẹ́rin ni, bóyá ti ọgọ́rùn-ún mítà, ti igba, ti fífò jìnnà, tàbí ti àfọwọ́fà, nítorí wọn ò kọ eré sí i lára. Kí ló wá jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀? Owens fúnra rẹ̀ ló fún oníjó nì, Bill "Bojangles" Robinson, tó ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó padà dé Amẹ́ríkà tí kò ríṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ìdílé Robinson ni mẹ́dáàlì náà sì wà títí dé gbàǹjo. Ẹ̀wọ̀n náà ò já. Ọwọ́ sí ọwọ́, orúkọ sí orúkọ. Ohun tí wọ́n ra ní mílíọ̀nù kan dọ́là ó lé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú, mo fẹ́ kánjú lórí rẹ̀ torí ó máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi mẹ́dáàlì gidi tẹ ihò sínú amọ̀ tàbí iyanrìn, kí wọ́n da irin yíyọ́ sí i. Irin tó bá tutù máa ń súnkì. Mẹ́dáàlì olúborí London 1908 fẹ̀ tó mìlímítà 33. Bí tiyín bá dín díẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ẹ fi awò wò ó bóyá àwọn ihò wínníwínní wà lójú rẹ̀, bóyá etí lẹ́tà ti rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, bóyá ìlà kan yí etí rẹ̀ po níbi tí wọ́n ti so apá méjì pọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ sì wo bóyá ibi tí wọ́n ń fi rìbọ́ọ̀nù bọ̀ wà lórí rẹ̀. Rome, 1960, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mẹ́dáàlì Òlíńpíìkì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ọrùn. Ṣáájú ìgbà náà, inú àpótí kékeré ni wọ́n ti ń gbé e léni lọ́wọ́, àfi ti St. Louis 1904 tó ní rìbọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá gbé ti Los Angeles 1932 wá pẹ̀lú òrùka lórí, ẹnì kan ló so ó mọ́ ọn lẹ́yìn náà.

Mo bẹ yín, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ abọ́ idẹ títí ó fi ń kọ mọ̀nà, mo sì mọ̀ pé Brasso wà ní ìdí gbogbo síǹkì. Abọ́ ni ìyẹn. Àwọ̀ kọfí tó wà lára mẹ́dáàlì idẹ ti Faransé, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló fi oògùn àti iná mú un wá kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ ó fi bó o kúrò, ẹ ò sì ní rí i fi padà mọ́. Àwọn olùkójọ tó mọṣẹ́ máa ń kọjá lọ tí wọ́n bá ti rí idẹ tó ń dán gbinrin. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fi ìka tẹ ojú rẹ̀, nítorí òógùn ọwọ́ á fi àmì sílẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà so ó, inú rẹ̀ ni imí ọjọ́ tó ń sọ fàdákà di dúdú wà. Ẹ má sì fi sínú ọ̀rá rírọ̀ olóòórùn tó máa ń mú irin yọ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé. Àpò ìwé tí kò ní ásíìdì sàn jù. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ "má jẹ ẹ́" sí lára, ẹ máa kó wọn pamọ́, wọ́n ń fa ọ̀rinrin lásìkò òjò.

Níbo lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Inú ilé. Àwọn tó sáré fún ilé-ìwé wọn nínú ìdíje Grier Cup nígbà ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbi ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kejì ní Sùúrùlérè ní oṣù kìíní 1973, àwọn kan nínú wọn ṣì wà láyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ife ilẹ̀ Áfíríkà 1980, nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, tí Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, tí a fi 3-0 lu Algeria. Ẹ bi wọ́n nísinsìnyí tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, àti bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn sínú ìwé kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi í sí ibi tí mẹ́dáàlì wà. Lẹ́tà àti fọ́tò tó bá wà, kí wọ́n wà pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ti bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káráàtì mẹ́sàn-án lọ fún alágbẹ̀dẹ góòlù, ẹ bá a ṣírò rẹ̀: èyí tó bá wọn gíráàmù 8, gíráàmù 3 péré ni wúrà inú rẹ̀. Owó tó máa gbà kò ní tó ohun tó yọ́ dànù.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan bi mí ní ìbéèrè. Mo kọ mẹ́ta sílẹ̀ níhìn-ín.

Ọmọkùnrin kan fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó béèrè fọ́tò ojú méjèèjì àti ti gbogbo etí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, àti ọwọ́ ẹni tó ti rà á. Ẹni tó bá ní òun ò ní ìwọ̀n nílé lónìí, ó ṣeé ṣe kó rí i lọ́la. Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè, kó fi í sílẹ̀.

Ìyá kan bi mí bóyá ìtìjú ni kí ìdílé ta mẹ́dáàlì òkú. Mo ní kì í ṣe ìtìjú, Stiles ta tiẹ̀ lójú ara rẹ̀, ó lówó tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ni pé kó ta mẹ́dáàlì fún ẹnì kan, kó ta ìwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó kẹ́yìn sáré nínú eré ìje gígùn ti Èkó, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá mẹ́dáàlì tí wọ́n fi kọ́ òun lọ́rùn níbẹ̀ máa níye lórí lọ́jọ́ kan. Láti 2016 ni wọ́n ti ń sá eré náà, wọ́n ń ṣe mẹ́dáàlì rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kì í sì í ṣe ohun àtijọ́ rárá. Mo ní kó má retí owó, ṣùgbọ́n kó fi nọ́ńbà tó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà àti ìwé àkókò tó fi sáré pa mọ́ sínú àpò kan náà. Ó ní òun ti ju nọ́ńbà náà nù. Mo ní kó tún lọ sá a lọ́dún tó ń bọ̀.